Ọjọ́ Mẹ́ta Lẹ́nu Bodè

Ọjọ́ Ajé ni mo sanwó ọkọ̀ náà fún Verlene Haugstad
nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Cavalier, North Dakota.
Owó ilẹ̀ wọn ni mo san;
báǹkì ti họ tèmi jẹ kí n tó rí i gbà.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bu kọfí fún mi.
Ó ní, "Orrin kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á.
Èmi gan-an, ẹ̀gbẹ́ ni mò ń jókòó sí."

Fọ́ọ̀dù pupa, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.
Ó ti dógùn-ún létí ilẹ̀kùn bí ibi tí eku ti jẹ búrẹ́dì,
àmọ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún bí àgbà tó jẹun yó tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ imú.

Ilé oyin ni mo fẹ́ fi kó.
Ogójì ni mo ní lẹ́yìn Gretna, ní apá tiwa ní Manitoba,
ọkọ̀ mi àtijọ́ sì ti kú sáàárín oko olóko.
Mo rò pé ẹni tó sanwó ti ra nǹkan.

Wọ́n ní rárá o.
Ìwé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sùn níwájú oníbodè Amẹ́ríkà
fún wákàtí méjìléláàádọ́rin
kí ọkọ̀ tó lè fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta.
Ẹni tí a kò rí fún ọjọ́ mẹ́ta, kíkí ni à ń kí i.

Mo gbé e sẹ́yìn ilé epo kan ní Pembina,
mo kọ iye máìlì tó ti rìn sínú ìwé,
mo sì bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà sílé.

Àwọn oyin mi kò gbọ́ ti bodè.
Onífàyàwọ́ ni gbogbo wọn:
láràárọ̀ ni wọ́n ń fò lọ sí oko àwọn ará ibẹ̀,
wọ́n á kó ẹrù wọlé láìfọhùn sí ẹnikẹ́ni.
Èmi ni mò ń tà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Verlene pè mí:
"Ṣé ó ti kọjá?"
Mo ní kò tíì kọjá.
Ọjọ́rú, ó tún pè: ìbọ̀wọ́ Orrin wà lábẹ́ ìjókòó,
kí n má dà á nù; tàbí kí n dà á nù;
kí n ṣe bó bá ṣe wù mí.
Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, kò sì gbé fóònù sílẹ̀.
Mo ń gbọ́ aago ara ògiri rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀,
mo fẹ́ jókòó, orókún mi gbá sítíárì.
Ẹnìkan ti fa ìjókòó síwájú,
síwájú gan-an, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.
Kò sí ìbọ̀wọ́ lábẹ́ ìjókòó mọ́.
Máìlì mẹ́rin ti lé lórí èyí tí mo kọ sílẹ̀.
Kọ́kọ́rọ́ kan péré ló fún mi. Mi ò béèrè èkejì.

Oníbodè tiwa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Desrosiers ló wà láyà rẹ̀,
gba owó orí, ó gba ìwé iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀,
ó yọjú wo iye máìlì, ó wo ìwé, ó tún yọjú.
"Mẹ́rin lé. Ta ló wà á?"

Mo ní, "Ẹni tó ni ín."

Ó wò mí. Ó wo bí mo ṣe ká jọ sẹ́yìn sítíárì
bí aṣọ tí wọ́n kì sínú àpótí kékeré.
"Ṣé o ní ohun mìíràn tí o fẹ́ sọ fún wa?"

Mo ní mi ò ní.

Ó lu òǹtẹ̀. Ó ní kí n máa lọ,
kí n rántí pé kìlómítà ni a ń kà níbí.

Ọwọ́ mi dé ibi irin tí a fi ń ti ìjókòó sẹ́yìn.
Mo yọ ọwọ́ kúrò.
Orókún mi ń gbá sítíárì títí mo fi dé Gretna.